Bí Èmi àti Bàbá Ìyàwó Mi Ṣe Gun Òkè Kòsóòrùn Nígbà Ọyẹ́

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó wà níwájú, má fi ẹ̀yìn rẹ gba gbogbo ooru iná. Ẹni tó wà lẹ́yìn náà ní ara. Ìtàn òtútù ni mo fẹ́ sọ, a kì í sì í sọ ìtàn òtútù fún ẹni tó ń gbọ̀n, nítorí yóò máa rò pé òun ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ gún lára.

Èmi ni Ọdẹ́ríndé, ọmọ Ọdẹ́yalé. Ẹfọ̀n rí mi rí nínú igbó, ó gbàgbé koríko tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ìnàkí pàdé mi lójú ọ̀nà odò, ó pè mí ní bàbá, bẹ́ẹ̀ ó fi ọjọ́ orí jù mí lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọdé. Ọ̀jẹ́níyì ọ̀rẹ́ mi tó jókòó sọ́hùn-ún mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ.

"N kò sí níbẹ̀ o," Ọ̀jẹ́níyì wí. "Ohun tí èmi mọ̀ ni pé o máa ń ti oko ọdẹ dé láìsí ẹran."

Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ìjà ò bá ní ń pe ara rẹ̀ lọ́kùnrin. Ọ̀jẹ́níyì, fi ẹnu rẹ sinmi, kí o jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni. Mo ń fẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ Bàbá Àjàgbé àgbẹ̀ oníṣu. Wọ́n ti gbà fún mi, ìdána ló kù. Ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀rọ̀ àna ti rí láàárín wa. Ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó kì í jẹun yó nílé àna. Bí ikùn rẹ̀ ń kùn bí ọlọ, yóò ní òun ti jẹun kí òun tó kúrò nílé. Bàbá ìyàwó kì í ṣàárẹ̀ lójú ẹni tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀. Bí àkekèé ta á, yóò ní èèrà ni. Ti ìyàwó ojú ọ̀nà, àfẹ́sọ́nà tí a kò tí ì gbé wọlé, ló wá le jù. Òun ni yóò jí ṣáájú gbogbo ayé, òun ni yóò sùn kẹ́yìn, bí wọ́n bá sì bi í léèrè ohun tó fẹ́, yóò ní kò sí.

Ọyẹ́ ọdún náà kì í ṣe ọyẹ́ tí ń ṣeré. Ètè wa bẹ́ bí ilẹ̀ odò tó gbẹ; ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín á kọ́kọ́ fi òrí ra ẹnu. Àkùkọ á kọ ìdajì, á gbé ìyókù mì. Àárín ọyẹ́ yìí ni ara Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Kì í ṣe ibà o. Wọ́n gbé e sún mọ́ iná, iná ló ń kú. Wọ́n bu omi gbígbóná fún un, omi á ti di tútù kó tó kan ètè rẹ̀. Bí ìyá mi bá wá wò ó, tó bi í pé, "Àwẹ̀ró, ṣé òtútù ń mú ọ ni?" eyín ọmọ yìí á máa lu ara wọn kékeké, á sì gbìyànjú láti kúnlẹ̀, á ní, "Rárá, ìyá. Ara mi le."

Ìyá bàbá rẹ̀ wà nílé náà, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ìrìn èèrà. Ó fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, ó mí kanlẹ̀.

"Ọyẹ́ ti gbé ooru ara ọmọ yìí lọ sí orí Òkè Kòsóòrùn," ó wí. "Ibẹ̀ ló ń kó ohun ìní rẹ̀ sí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, Ọyẹ́ á di ẹrù rẹ̀, á padà síbi tó ti wá. Ohun tó bá sì bá a lọ kì í dé mọ́. Àjàgbé, ìwọ tí o bí i ni yóò lọ gbà á. Ọdẹ́ríndé, ìwọ tí o ń fẹ́ ẹ ni yóò sin bàbá rẹ̀ lọ. Ẹyọ ẹnì kan kò lè gbà á."

Mo wo ojú ọ̀run. Àwọsánmà kan ti ń dúdú níhà ìwọ̀-oòrùn. Mo gbé ìbọn mi àti òkúta ìṣáná. Bàbá Àjàgbé ká kíjìpá kan há abíyá, ó ki iṣu sísun bọ àpò. A kọrí sí òkè.

Bí a ṣe rìn títí a fi dé ìdí òkè, ẹ má bi mí. Rírìn kì í ṣe ìtàn. Ohun tó dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà ni ìtàn. Èyí tí mo lè sọ nípa rírìn wa kò ju báyìí lọ:

"Bàbá, ṣé kí a sinmi díẹ̀?"

"Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni, àna mi?"

"Rárá o, Bàbá. Mo ní bóyá ẹ̀yin ni."

"Kò rẹ èmi náà."

Bẹ́ẹ̀ ni a kò sinmi. Èmi ń mí bí ẹwìrì, òun ń mí bí ẹwìrì méjì tí alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo ń fẹ́.

Ní ìdí òkè náà ni a ti bá obìnrin iwin kan, ó ga bí igi àràbà lórí ìjókòó. Ó jókòó ti ààrò, iná rẹ̀ ń jó gèrè. Ṣùgbọ́n òkúta mẹ́ta tó gbé ìkòkò rẹ̀ dúró kì í ṣe òkúta, orí mẹ́ta ni, tojú tẹnu.

Orí kìíní ní, "Àlejò dé."

Orí kejì ní, "Wọ́n ń gbọ̀n."

Orí kẹta ní, "Ẹ gbé ìkòkò yìí kúrò lórí mi kí èmi náà lè rí wọn."

"Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́," obìnrin náà wí. "Wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ẹ̀yin ẹ fẹ́ fi tèmi ṣe àkọ́kọ́." Ó kọjú sí wa. "Ẹ̀yin ọmọ ènìyàn, Ìyá Aláàrò ni orúkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Mo ní ohun kan. Ẹni tó bá ní òun kò ní in ni mo lè fún, ẹni tó bá ní òun ní in, bó ti wù kó máa kú lọ, n kò lè fún un. Kí ni?"

Mo rò ó, n kò rí i. Bàbá Àjàgbé rò ó, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti òbúkọ tó ń jẹ ewé. Ìyá Aláàrò dúró títí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ìyá ẹni.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n là á fún yín. Ta ni òtútù ń mú nínú yín?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìka ẹsẹ̀ mi ti kú nígbà náà. Ṣùgbọ́n bàbá ìyàwó mi ló dàgbà jù, òun ló lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ó na ọrùn, ó ní, "Kò sí o, ìyá. Afẹ́fẹ́ òkè yín yìí tilẹ̀ tù wá lára."

Bí bàbá ìyàwó bá ní afẹ́fẹ́ tura, ta ni èmi tí mo ṣì ń tọrọ ọmọ rẹ̀? Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo fi ń fẹ́ ara mi.

Orí kejì ní, "Òpùrọ́ ni wọ́n."

"Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni wọ́n," Ìyá Aláàrò wí, ó sì mi orí. "Ẹ máa lọ. Iná kì í tẹ̀lé ẹni tí kò fẹ́ ẹ." Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìṣáná tó wà lápò mi. Láti ìgbà náà, òkúta náà dákẹ́; bí mo ti ṣá a tó, kò ta pàrà.

A gùn díẹ̀, a bọ́ sí ìlú kan ní ìdajì òkè. Ìlú Ẹkọ́kọ́wọlé ni. Ẹnu ibodè ni mo ti mọ̀ pé ìlú náà kò dáa. Ọkùnrin méjì dúró níbẹ̀, ọ̀kan ní, "Ẹ kọ́kọ́ wọlé," èkejì ní, "Rárá o, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ wọlé." Wọ́n ti ń bá a bọ̀ tipẹ́, nítorí ikán ti mọlé sí wọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Nínú ìlú, wọ́n gbé ọpọ́n iyán kan sí àárín ìta, àwọn ènìyàn tí ọrùn wọn tín-ín-rín bí ọwọ̀ ìgbálẹ̀ yí i ká. Wọ́n ń sọ fún ara wọn pé, "Mo ti yó o. Ẹ̀yin ẹ jẹun." Ẹní wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó sùn, gbogbo wọn ló ń tòògbé lórí ìdúró. Ọba ìlú náà kò tí ì fi ìdí kan ìtẹ́ láti ọjọ́ tó ti jọba. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá kí i lọ́jọ́ náà, tí ọba ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó," tí ẹ̀gbọ́n ní, "Kábíyèsí, kí a jókòó ṣáájú ọba?" Títí di bí a ṣe dé yẹn, ìdúró ni wọ́n wà.

Wọ́n gbé àpótí kan ṣoṣo fún èmi àti bàbá ìyàwó mi.

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Rárá. Ìwọ lo gbé ìbọn. Jókòó."

"Bàbá, kí n jókòó kí ẹ̀yin dúró? Kí ni n ó wí nílé?"

"Èmi ni mo ní kí o jókòó."

"Kò ṣeé ṣe, Bàbá."

Àwọn ará ìlú ń wò wá, inú wọn ń dùn, wọ́n ní, "Ọmọ gidi ni wọ́n. Ẹ̀kọ́ ilé wà lára wọn." Bí wọ́n ti ń yìn wá ni nǹkan kan ń rìn mí lẹ́sẹ̀ rìnrìn. Mo wolẹ̀. Ikán ti mọlé dé kókósẹ̀ mi. Ti Bàbá ti ń wá ojúgun lọ.

Níbí ni kí ẹ ti mọ̀ pé ọdẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, mo ké bí abo ẹkùn tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé. Igbe náà gbá òkè, ó padà wá, ó tún lọ.

"Ké e kí a gbọ́," Ọ̀jẹ́níyì wí.

Ọmọ ọwọ́ ń sùn lẹ́sẹ̀ ìyá wọn níbí, Ọ̀jẹ́níyì. N kò ní torí tìrẹ dá ẹkún sílẹ̀.

Ọ̀wọ̀ ìlú náà tú ká. Ọba tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fò kọjá. Àwọn méjì ẹnu ibodè jùmọ̀ há sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn, kò sí ẹni tó ní kí ẹnì kejì kọ́kọ́ jáde. Àwọn tó ti yó wá rántí pé ebi ń pa wọ́n. Bí wọ́n ti ń sá ni wọ́n ń já iyán dání. Bàbá Àjàgbé fa ẹsẹ̀ yọ nínú ikán, kò bi mí pé ṣé kí a sáré. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, a dé abẹ́ àpáta kan tó ṣe bí àgọ́, a ní ibẹ̀ ni a ó sùn. Mo ṣa igi gbígbẹ, mo ṣá ìṣáná, òkúta dákẹ́ bí ẹni tí a bú. Kíjìpá kan ṣoṣo ló kù láàárín wa àti òtútù.

"Bàbá, ẹ fi bora."

"Èmi tí ooru ń mú? Ìwọ ni kí o fi bora."

"Bàbá, òógùn ló wà lára mi yìí."

A ń ju aṣọ náà sí ara wa, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ wá na ọwọ́. Mo rí ọwọ́ náà fúnra mi, ìka rẹ̀ gùn, èékánná rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó ní, "Bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá fẹ́ ẹ, ẹnì kan wà tó fẹ́ ẹ." Ó gbé kíjìpá gòkè lọ. Èmi àti bàbá ìyàwó mi wo ara wa, olúkúlùkù wa ní kò burú, aṣọ náà ti fẹ́ máa wúwo jù.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo dìde, mo pe Bàbá. Kò dìde.

"Bàbá, ilẹ̀ ti mọ́."

"Mo rí i. Ewéko orí òkè yìí ni mò ń wò."

"Bàbá, ojú yín wà ní pípadé."

"Mo ti wò ó tán. Mò ń rò ó."

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó tutù bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà mí. Bí ọkùnrin yìí bá kú sọ́wọ́ mi, Àwẹ̀ró náà ti lọ nìyẹn, nítorí ẹyọ ẹnì kan kò lè gbà á. Mo gbọ́ àrá lọ́nà jíjìn, ó ń kùn bí ẹni tó ń yí ọlọ. Òjò ń bọ̀.

Bàbá la ojú kan. "Ọdẹ́ríndé," ó wí. Kò pe orúkọ mi rí. Àna mi ló máa ń pè mí. "Má sọ fún ìyá rẹ."

"Kí ni, Bàbá?"

"Òtútù ń mú mi."

Ó gbé ojú sókè, bí ẹni tó ń wò bóyá òkè yóò wó. Òkè kò wó.

"Òtútù ti ń mú mi láti ẹnu ọ̀nà ilé," ó wí. "Orúnkún mi ti kú. N kò gun òkè rí láyé mi. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni mo ti ń kọ ebè láti kékeré."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, wọ́n ti kì mí rí títí orí mi fi wú. Kò sí èyí tó dùn létí mi tó ọ̀rọ̀ yẹn. Àyà mi sọ̀ kalẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n bá ni sọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Èmi náà, n kò mọ ibi tí etí mi wà mọ́ láti àná. Ebi sì ń pa mí débi pé mo ti ń fi ojú jẹ bàtà yín."

"Iṣu sísun wà lápò mi. Mò ń dúró kí o bèèrè ni."

"Èmi náà ń dúró kí ẹ fi lọ̀ mí ni."

Ẹ̀rín pa á, ètè rẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ yọ, ó tún rẹ́rìn-ín sí i. Nínú ẹ̀rín náà ni mo ti ṣá ìṣáná, mi ò tilẹ̀ mọ ìdí tí mo fi ṣá a. Ó ta pàrà. Iná mú igi. A yá iná, èjìká kan èjìká, a bu iṣu láti ọwọ́ kan náà, ohun tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ rí láàárín àna méjì. Ìgbà yìí ni mo wá mọ ìdáhùn sí àlọ́ Ìyá Aláàrò, mo sì ké e sísàlẹ̀ òkè pé, "Ìyá, ooru ni!" Mo gbọ́ tí orí kan dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé, "Ó pẹ́ kó tó mọ̀."

Ṣùgbọ́n orúnkún Bàbá kò jí. Mo tú okùn ìbọn mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo ní kí ó gun ẹ̀yìn mi.

"Kí o pọ̀n mí? Èmi tí mo bí ìyàwó rẹ? Bí ẹnì kan bá rí wa ńkọ́?"

"Bàbá, ta ni yóò rí wa níbí?"

Mo gbé e pọ̀n, mo fi okùn gbà á ní ìdí. Bí mo ti gbé ẹsẹ̀ kan, gbogbo ọ̀bọ òkè náà jáde sórí àpáta. Ìyá ọ̀bọ kan tọ́ka sí wa, ó ní fún ọmọ rẹ̀, "Wò ó, kò tí ì já lẹ́nu ọmú, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun." Bàbá fi orí pamọ́ sẹ́yìn ọrùn mi. Ara rẹ̀ ń mú ẹ̀yìn mi gbóná, ẹ̀yìn mi ń mú àyà rẹ̀ gbóná, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gorí òkè.

Ilé Ọyẹ́ wà níbẹ̀. Kùrukùru ló fi mọ ògiri rẹ̀. Mo ti rò pé n ó bá òmìrán kan tó ń yọ iná lójú. Àgbàlagbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo bá, ó ká jọ sí kọ̀rọ̀, awọ ara rẹ̀ sán bí èèpo igi, ó wọ aṣọ lé aṣọ, kíjìpá wa ló wà lókè pátápátá, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n. Akèrègbè kéékèèké kún àjà lórí rẹ̀, wọ́n ń pọ́n yòò bí ẹyín iná.

"Ẹ kú òtútù o, Bàbá," mo wí. Èmi kò mọ ohun mìíràn tí à ń kí ẹni tó ń gbọ̀n.

Ó gbé orí sókè. "Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́. Gbogbo yín ń kí ara yín kú ọyẹ́, kò sí ẹni tó kí Ọyẹ́ rí." Ó wo ẹni tó wà lẹ́yìn mi. "Èyí ńkọ́?"

Bàbá Àjàgbé fúnra rẹ̀ dáhùn. "Òtútù ló mú mi, orúnkún mi kú, ọmọ yìí ló pọ̀n mí. Ooru ọmọ mi ni a wá gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ."

"Èmi kì í jalè," Ọyẹ́ wí. "Ohun tí olóhun bá ní òun kò fẹ́ ni mo máa ń gbà. Wo akèrègbè yìí, ti àlejò kan ni, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn láti sùn. Tọ̀hún yẹn, ìyá kan ló fi aṣọ rẹ̀ bo ọmọ, ó ní ara òun gbóná. Ìdájí ni mo máa ń dá ti irú wọn padà, ojú máa ń tì mí. Ti ọmọ yín nìyí, tirẹ̀ kì í ṣe ti alẹ́ kan. Òwúrọ̀ gbogbo tí àwọn ìyá ọkọ rẹ̀ bá wá, á ti gbálẹ̀, á ti pọn omi, aṣọ péńpé ló wà lára rẹ̀. Wọ́n á ní, 'Wá yá iná.' Á ní, 'Òtútù kò mú mi.' Mo ń kọjá lọ, mò ń gbọ́ ọ. Mo ní, ẹni tí òtútù kì í mú, kí ló fẹ́ fi ooru ṣe? Èmi tó ń mú ńkọ́?"

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́; ẹni tó bá wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò fẹ́, ta ni yóò bá a gba ẹjọ́ rò?

Ọyẹ́ dìde. Ó já akèrègbè náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n okùn ẹnu rẹ̀, ọwọ́ kò lè tú u, ọ̀bẹ kò lè gé e. Ẹnu ọmọ náà ló so ó lójú àwọn àna rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni yóò tú u lójú wọn. Kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí òjò tó balẹ̀. Bí òjò bá ti balẹ̀, mo ti lọ, gbogbo ohun tí wọn kò bá tú sílẹ̀ yóò tẹ̀lé mi."

Bàbá Àjàgbé wo kíjìpá rẹ̀ lára Ọyẹ́. Mo rò pé yóò gbà á. Ó ní, "Ẹ máa lo aṣọ yẹn. Ó yẹ yín."

Ọyẹ́ fọwọ́ pa etí aṣọ náà. Afẹ́fẹ́ tó gbé wa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè náà, mo ti rí ìyá tó ń sọ ọmọ kalẹ̀ tí kò rọra tó bẹ́ẹ̀.

A dé ilé, ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Gbogbo ẹbí mi ló ti wá wo Àwẹ̀ró. Ìyá mi jókòó, àbúrò bàbá mi jókòó, gbogbo wọn na ẹ̀yìn bí ẹni tó wà nílé àna. Àwẹ̀ró wà lórí ẹní, ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo gbé akèrègbè sí i láyà.

"Àwẹ̀ró, sọ pé òtútù ń mú ọ. Ìyẹn náà ni. Sọ ọ́ kí gbogbo wa gbọ́."

Ó wo ìyá mi. Ó wo ilẹ̀. "Ara mi le," ó wí, a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Ìmọ́lẹ̀ inú akèrègbè náà dín kù.

Ìyá mi sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi, ṣé òtútù ń mú ọ?"

"Rárá, ìyá."

Ìyá Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ìyá àgbà tí kò ríran ní, "Mo ń gbọ́ òórùn òjò o."

Ọwọ́ kan gbá mi léjìká. Ẹ̀yin ènìyàn mi, nínú ìdààmú, mo ti gbàgbé láti sọ Bàbá Àjàgbé kalẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló ṣì wà.

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ̀ yín."

"Má sọ̀ mí," ó wí. "Yí mi sí wọn."

Mo kọ ẹ̀yìn sí àwọn ènìyàn mi, kí ó lè kọjú sí wọn.

"Ẹ̀yin àna mi," ó wí, "ẹ wò mí dáadáa. Èmi Àjàgbé nìyí. Òtútù mú mi lórí òkè, mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ẹsẹ̀ mi kú, ọmọ yín pọ̀n mí bí ọmọ ọwọ́. Ọ̀bọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ẹ ó wá ní ẹ kò fẹ́ ọmọ mi mọ́?"

Mo ń gbọ́ ẹnì kan tó ń mí fínfín bí ẹni tó fẹ́ sín. Ìyá mi ni. Ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ lu itan.

"Àna mi," ó wí, "ṣé kí n sọ tèmi náà? Láti ìgbà tí mo ti ń wá sílé yín, n kò yó rí. Mo máa ń ní mo ti jẹun ni. Ebi ni mo máa ń bá lọ sílé, n ó sì máa bú yín lójú ọ̀nà."

"Àga tí ẹ gbé fún mi yìí," àbúrò bàbá mi wí, "ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dọ́gba. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi itan gbé e dúró."

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Ìyá Àwẹ̀ró ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láàárín ariwo náà ni ohùn kan ti jáde láti orí ẹní, kékeré, bí ti ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ẹyin.

"Ìyá."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní. "Mò ń gbọ́, ọmọ mi."

"Òtútù ń mú mi. Ó ń mú mi gan-an ni."

Okùn já. Ohun tó jáde nínú akèrègbè náà kò jó, kò hó; ó rọra tàn ká ilé, ó ń ta sánsán bí èlùbọ́ tí wọ́n sá sóòrùn ọ̀sán. Ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé sí Àwẹ̀ró lára. Mo rí i bí ó ti ń gòkè: orúnkún, ọwọ́, ọrùn, títí òógùn fi là sí i nímú. Bí òógùn náà ti là ni òjò àkọ́rọ̀ bú sílẹ̀ lórí òrùlé. A gbọ́ nǹkan kan tó rìn kọjá lókè ilé, tí aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Àwẹ̀ró dìde jókòó. Ìyá mi nu ojú rẹ̀ nù, ó ní, "Kí ni o fẹ́ jẹ, ọmọ mi?"

Mo mọ èsì tí ìyàwó ojú ọ̀nà máa ń fọ̀ sí ìbéèrè yẹn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àwẹ̀ró wo ìyá mi lójú.

"Iyán ni, ìyá," ó wí. "Kí ó gbóná. Kí ẹ sì fi ẹran sí i, ẹran tó pọ̀. Àwọn tó wà níbí náà, ẹ ní kí wọ́n rọra máa sọ̀rọ̀, n kò rí oorun sùn láti ìjẹta."

Ìyá mi kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ orúnkún, ó gbé odó síbi tí òjò kò dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì ń kọrin sí i. Láti ẹ̀yìn mi, Bàbá Àjàgbé na ọrùn, ó ní, "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣu tèmi kún un."

Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé nìyẹn, ibẹ̀ náà ni mo ti yí padà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kí ó gun òkè náà lọ wò ó. Kí ó mú aṣọ dání.